Ìsinmi Wa ní Òkè Ẹ̀fọ̀n, Arámọ̀kọ àti Ìjerò

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọdé tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko baba ẹnikẹ́ni tí ó tóbi tó ti baba òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn rí fún púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, ìlú ńlá tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni à ń sáré lọ, a ó sì padà wá láìrí ohun titun kan. Àwọn mìíràn nínú wa lè ka orúkọ àwọn òkè ilẹ̀ Yúróòpù lórí, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé baba wọn, wọn a dákẹ́. Nítorí èyí ni àwa mẹ́rin tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn ṣe pinnu pé ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni a ó ti lo ìsinmi oṣù kẹjọ.

Ohun kan sì tún wà tí ó mú wa yan ìhà ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wa, ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, jẹ́ ọmọ Ìjerò níhà baba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni a bí i sí. Baba rẹ̀ ti di olóògbé. Ìyá àgbà rẹ̀ ránṣẹ́ pè é pé kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ìsinmi náà parí kí ó tó yọjú, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà lórí ilẹ̀ oko tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀, tí àwọn ẹbí kò fẹ́ kí a parí rẹ̀ lẹ́yìn òun. Bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ, a ó sọ ọ́ nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Ọkọ̀ wa kúrò ní Ìbàdàn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó gba Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá. Nígbà tí a dé ìkóríta Ìwáràjà, a fi ọ̀nà Àkúrẹ́ sílẹ̀, a sì yà sí apá òsì. Láti ibẹ̀ lọ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ọ̀nà náà ń lọ́ sọ́tùn-ún, ó ń lọ́ sósì. Awakọ̀ wa sì dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ti ń sọ láti Ifẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdarí ọkọ̀ mú. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ìkùukùu bo orí òkè bí aṣọ funfun, kìkì ọ̀pẹ díẹ̀ ni ó yọrí jáde nínú rẹ̀. Nígbà náà ni ó yé wa bí orúkọ Èkìtì ti ṣe jẹ mọ́ òkìtì, nítorí òkìtì lórí òkìtì ni ilẹ̀ náà í ṣe nítòótọ́.

Ọ̀rẹ́ wa tí ó mọ̀ nípa òkúta wá ń ṣàlàyé fún wa nínú ọkọ̀. Ó ní òkè Ẹ̀fọ̀n kò bá àpáta Olúmọ tàbí ti Ìdànrè dọ́gba. Akọ òkúta tí ó yọ́ nínú ilẹ̀ tí ó sì dì ni àwọn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n iyanrìn àtijọ́ ni ti Ẹ̀fọ̀n, èyí tí ìwúwo àti ooru inú ilẹ̀ tẹ̀ pọ̀ títí ó fi le koko, tí a sì ń pè ní quartzite. Ọ̀já òkúta yìí gùn tó nǹkan bí kìlómítà 180, ó ń lọ láti ìhà àríwá sí ìhà gúúsù. Òjò àìmọye ọdún ti wẹ ilẹ̀ rírọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè wẹ òun lọ. Nítorí náà ni ó ṣe yọ sókè bí iṣan ti í yọ lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ní ìhà ìhín, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òkè yìí kan náà ni omi Olúmirin ti ń já bọ́ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ní ìhà ọ̀hún ni Ẹ̀fọ̀n àti àwọn ìlú Èkìtì wà.

Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, ẹsẹ̀ àlejò kì í pẹ́ mọ̀ pé òkè ni òun wà. Láti ilé kan sí èkejì, àfi kí a gòkè tàbí kí a sọ̀ kalẹ̀. A rí ìyá arúgbó kan tí ó ru igbá iṣu, tí ó ń gun ibi gíga kan láìmí gúlegúle, àwa tí a kò ru nǹkan kan sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ máa rọra. Òkè kì í sá lọ.”

Ìlú yìí ní òkìkí nítorí iṣẹ́ ọnà. Níhìn-ín ni Agbọ́nbíofẹ́ ti gbé, gbẹ́nàgbẹ́nà láti agboolé Adéṣínà, ẹni tí ó kú ní 1945. Òun ni ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláàyè, tí ẹlẹ́ṣin wà lára òmíràn, tí abiyamọ sì wà lára òmíràn. Àwọn ọ̀mọ̀wé òkèèrè ti kọ̀wé nípa òpó wọ̀nyí, wọ́n sì ti ya àwòrán wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò gbọ́ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn rí.

Ibòmíràn tí àwọn ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn ni ibojì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ọmọ Odò-Ọ̀wà ni, a bí i ní 1904, iṣẹ́ awakọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì ni ó ń ṣe lábẹ́ ìjọba. Lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ó wí pé òun gbọ́ ìpè, ó sì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsọjí ńlá ti Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, ó wá sí Ẹ̀fọ̀n, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì tẹ̀ lé e, tó bẹ́ẹ̀ tí Aláàyè ìgbà náà, Ọba Aládéjàre Agúnsọyè, fi gba ìgbàgbọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje 1959 ni Babalọlá kú ní Ẹdẹ, ṣùgbọ́n Ẹ̀fọ̀n ni a gbé òkú rẹ̀ wá sin. A bá àwọn tí ó ti Èkó wá níbẹ̀, tí wọ́n jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwa náà sì dúró díẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ní ọjọ́ kejì a lọ sí Òkè-Mẹ̀sí. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ tí àwọn baba wa fi fẹ́ràn orí òkè, kí ó lọ dúró níbẹ̀ kí ó sì wo ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó wà lókè a máa rí ẹni tí ń bọ̀ kí ẹni tí ń bọ̀ tó rí i. Ní ayé ogun, èyí ju owó lọ. Ní ìgbà náà, Ìbàdàn ti fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, ìwà púpọ̀ nínú àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí sì burú. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ogun. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú àwọn mìíràn da ara pọ̀, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n dó sí. Ìró ìbọn ibẹ̀ ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé kì í ṣe ìbọn ni ó parí ogun yìí. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, àti Àlùfáà Charles Phillips ti Oǹdó, ni a rán láàárín ibùdó méjèèjì bí oníṣẹ́ àlàáfíà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n ó di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter dé, kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní tòótọ́. Nígbà náà ni àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí àyè padà sílé, àwọn kan nínú wọn tí wọ́n ti di onígbàgbọ́ ní àjò sì mú ìwé kíkà bọ̀ wá sí Èkìtì. Láti ọwọ́ àwọn tí a tà ni ẹ̀kọ́ ti kọ́kọ́ wọ inú àwọn òkè wọ̀nyí.

Láti ibẹ̀ a padà sẹ́yìn, a sì kọrí sí Ìkógòsì, tí ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 10 sí gúúsù-ìlà-oòrùn Ẹ̀fọ̀n. Àárín igbó àti òkè ni, ní ibi tí ó ga tó mítà 450 sí 500 ju òkun lọ. Omi gbígbóná ń sun láti ẹsẹ̀ òkè; omi tútù ń ṣàn bọ̀ láti ìhà kejì; wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ ń lọ. A bọ́ bàtà wa, a ki ẹsẹ̀ kan sínú èyí, a ki ìkejì sínú ìyẹn, ẹsẹ̀ kan ń gbádùn, èkejì ń gbọ̀n. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé ìyàwó méjì ọkọ kan ni wọ́n, tí ìjà wọn kò tán, tí wọ́n fi di omi: oníwàra di gbígbóná, onísùúrù di tútù. Àwọn obìnrin tí ó wà níbẹ̀ gbọ́ ìtàn náà, wọ́n sì bèèrè pé, ọkọ ńkọ́, kí ni òun dì? Kò sí ẹni tí ó dá wọn lóhùn.

Àlejò kan tí a bá níbẹ̀ gbé ẹyin mẹ́ta dání. Ó ti kà á níbì kan pé ìgbóná omi náà tó 70 lórí ìwọ̀n Celsius, ó sì fẹ́ sè wọ́n. Ẹ̀rín pa olùtọ́jú ibẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n, nǹkan bí 38 ni wọ́n rí, èyí tí kò ju ooru ara ènìyàn lọ púpọ̀. Bí ẹyin bá sùn mọ́jú nínú rẹ̀, kò ní jinná. Kò sì sí òkè oníná ní àgbègbè náà. Omi òjò ni ó ń gba inú ẹ̀là òkúta lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn. Bí a bá ti ń lọ sísàlẹ̀ ni ilẹ̀ ń gbóná sí i. Omi náà á gba ooru ibẹ̀, á sì tún bá ẹ̀là mìíràn jáde kí ó tó tutù. Òjò tí àwọn baba wa sá fún lè jẹ́ èyí tí à ń wẹ̀ lónìí.

Ní 1952 ni míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kan, John McGee, dá ibùdó àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá omi yìí, kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè máa wá lo ìsinmi. Lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́, wọ́n sì tilẹ̀ rọ omi ibẹ̀ sínú ìgò tà, tí wọ́n pè ní Gossy. Inú wa dùn láti mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa.

A kò fi Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ sílẹ̀, níbi tí omi Àrìnta gbé ń ti orí àpáta já bọ́. Oṣù òjò ni, nítorí náà omi náà pọ̀, ariwo rẹ̀ sì kọ́kọ́ kí wa kí a tó fojú rí i. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀. Àwọn tí ó bá fẹ́ mú ọmọ wẹ́wẹ́ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ibẹ̀ a dé Arámọ̀kọ, ìlú Alárá, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Orúkọ Alárá àti Ajerò kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn àtijọ́, nítorí a máa ń dárúkọ wọn pọ̀ bí ọmọ ìyá. Ní ọjà Arámọ̀kọ ni etí wa ti kọ́ èdè. Ibi tí àwa bá ti wí pé ilé, wọn a wí pé ulé. Iṣu wa ni uṣu wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí iyán dé iwájú wa, èdè kan náà ni gbogbo wa sọ.

Nígbẹ̀yìn a dé Ìjerò. Ìyá àgbà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó rí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó di ojú rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó wò ó títí, ó ní, “Iwájú orí baba rẹ rèé.” Lẹ́yìn èyí ni ó tó kí àwa yòókù, a sì dọ̀bálẹ̀.

Ilẹ̀ Ìjerò kún fún òkúta olówó iyebíye. Tourmaline tí a fi ń ṣe ẹ̀gbà ọrùn ń bẹ níbẹ̀, bákan náà ni columbite àti tantalite tí a ń lò nínú ẹ̀rọ. Àwọn òkúta tí lithium wà nínú rẹ̀ náà wà, èyí tí gbogbo ayé ń wá nítorí bátìrì fóònù àti ti ọkọ̀ oníná. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn ti ń wa ilẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ kòtò tí a ti wà tí a kò dí ni a gbà dé oko, omi aláwọ̀ ẹfun sì kún inú wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: àwọn oníṣòwò òkúta kan fẹ́ gba oko kòkó tí baba ọ̀rẹ́ wa fi sílẹ̀, wọ́n sì ti mú ìwé wá. Àbúrò baba rẹ̀ fẹ́ kí a fọwọ́ sí i, kì í sì ṣe nítorí ojúkòkòrò. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti rí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ nípa ìlera tí ó wà nínú ìlú náà, kò sì sí owó tí yóò fi wọlé. Nínú ìpàdé ẹbí ó wí pé, “Ẹ̀yin Màmá, kòkó ti gbó. Igi tí kò so mọ́, kí ni à ń dì í mú fún? Ṣé kí ọmọ mi jókòó sílé ni?”

Ìyá àgbà dáhùn pé, “Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kòkó tí o wí yìí ni ó rán ẹ̀gbọ́n rẹ lọ sí ilé-ìwé. Èmi kò mọ̀wé. Ẹni tí ó mọ̀wé ti dé. Kí ó ka ohun tí wọ́n kọ fún wa.”

Ọ̀rẹ́ wa gba ìwé náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Owó ọwọ́ kan ni wọn yóò san, oko náà yóò sì wà lọ́wọ́ wọn fún ọdún 25. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nípa kòkó tí wọn yóò gé, tàbí nípa dídí kòtò. A ṣàkíyèsí pé ohùn rẹ̀ yípadà bí ó ti ń kà á. Òun ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́ láti mọ iye tí òkúta náà tó, òun náà sì ni oko náà í ṣe ti baba rẹ̀.

Ẹlòmíràn nínú wa tí ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀, àwọn àgbà sì gbà á láàyè. Ó ní gẹ́gẹ́ bí òfin ohun àlùmọ́nì ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007, ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́nì tí ó wà nínú ilẹ̀. Ẹbí kò lè tà á, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wà á láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó wí pé ẹni tí ó bá gba àṣẹ gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú fún ohun ọ̀gbìn tí ó bà jẹ́, kí ó sì tún ilẹ̀ náà ṣe. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹbí bèèrè ni ìwé àṣẹ wọn.

Olórí ẹbí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí a ká ìwé náà, kí a dá a padà, kí a sì sọ fún wọn pé kí wọ́n mú àṣẹ ìjọba wá pẹ̀lú ìwé mìíràn tí ó dárúkọ kòkó àti kòtò. Ojú àbúrò baba kò dùn, a kò sì lè bá a wí. Nígbà náà ni Ìyá àgbà dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì mú owó àjọ tí ó ti ń dá jáde. Ó tó ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ẹbí tí ó wà ní Èkó ṣèlérí ìdajì kejì lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú. Títí a fi kúrò ní Ìjerò, àwọn oníṣòwò náà kò padà wá. Bí wọn yóò bá padà, Ọlọ́run ni ó mọ̀; ṣùgbọ́n oko náà ń bẹ, ọmọbìnrin náà yóò sì wọlé.

Ẹ̀yin òbí, èyí ni ó mú kí a kọ̀wé yìí. Àwọn òkè wọ̀nyí lẹ́wà, ó sì tọ́ kí àwọn ọmọ yín fojú rí wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ wa bá ti lo ìsinmi rẹ̀ ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, ìwé kan ì bá ti gba oko baba rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan kà á fún ẹni tí ó ni ín. Bí ìsinmi bá tún dé, ẹ bá wọn wá owó ọkọ̀, ẹ rán wọn lọ sí ìlú yín. Kí wọ́n mú aṣọ òtútù dání, nítorí òwúrọ̀ orí òkè kò mọ ọmọ Èkó. Kí wọ́n mú ìwé àti gègé pẹ̀lú, kí wọ́n kọ orúkọ odò, ààlà oko àti ohun tí àwọn arúgbó bá sọ, kí àwọn arúgbó náà tó lọ. Kí ó má ṣe jẹ́ ọjọ́ òkú nìkan ni wọn yóò mọ ọ̀nà ibẹ̀.